Ìdérí bátìrì kámẹ́rà tó já tàbí tó sọnù: bí ẹ ṣe máa ṣe é

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í gbé kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ mi ní Ìkòròdú, kó rọra ṣí àpò rẹ̀ bí ẹni gbé adìyẹ tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wá, kó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìdérí bátìrì ẹ̀ ti já o. Ṣé ó ti tán nìyẹn?" Kò tíì tán. Ike kékeré kan ló já, kámẹ́rà ò kú. Àmọ́ ohun tí ojú mi ti rí ni pé gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti dà sí i nílé kí wọ́n tó gbé e wá ló sábà máa ń bà á jẹ́ ju ìṣubú gan-an lọ. Torí náà, ẹ gbé gọ́ọ̀mù yẹn sílẹ̀ ná.

## Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

1. Ẹ pa kámẹ́rà. Ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ mẹ́mórì káàdì pẹ̀lú.
2. Ẹ wá gbogbo ohun tó fò lọ. Kì í ṣe ìdérí nìkan o. Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan wà tó so ó mọ́ ara kámẹ́rà, sípíríǹgì sì máa ń wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì ọ̀fadà lọ. Bó bá jẹ́ orí yanrìn ló já sí, ẹ fi ọwọ́ kó yanrìn ibẹ̀ sínú abọ́, kí ẹ tú u wò nílé. Ohun tí ẹ bá rí, ẹ dì í sínú ọ̀rá.
3. Ẹ gbé bátìrì náà sórí dígí tàbí tábìlì tó tẹ́jú. Ẹ fi ìka kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, tàbí tó ń yí bí òkòtó, ó ti wú.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí èyí díẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń fò ó. Ọ̀pọ̀ ìdérí ni kì í ṣe pé ó já lásán. Bátìrì tó wú ló ń tì í láti inú, olówó rẹ̀ sì ń fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ pa lójoojúmọ́ títí eyín rẹ̀ fi kán. Bátìrì ayédèrú ló pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń rí tó wú. Bí ẹ bá fi ìdérí tuntun sí i láìpààrọ̀ bátìrì, kò ní pẹ́ tí tuntun náà á já. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má ṣe fi sínú kámẹ́rà mọ́, ẹ má ṣe sá a síná, ẹ má sì ṣe fi nǹkan gún un pé kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ó lè gbiná.

Bó bá sì ti há sínú kámẹ́rà, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe.

## Iṣẹ́ wo ni ìdérí tiyín ń ṣe?

Ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi mẹ́ta ni, ohun tó sì wo ọ̀kan sàn lè ba èkejì jẹ́.

Èyí tó kàn ń bo ihò lásán. Eyín kékeré kan wà nínú ihò bátìrì tó ń di bátìrì mú, àwọ̀ ọsàn ló sábà máa ń jẹ́ nínú kámẹ́rà Nikon. Kódà bí ẹ bá ṣí ìdérí, bátìrì kì í já bọ́. Bí kámẹ́rà bá ṣì ń tàn láìsí ìdérí, oríṣi yìí ni tiyín. Ẹ ti rí ojú rere.

Èyí tó ń tẹ súwíìṣì. Kámẹ́rà EOS ti Canon tó pọ̀ lọ́wọ́ àwa onífótò báyìí ni. Bátìrì wà níbẹ̀, ó kún, àmọ́ kámẹ́rà dákẹ́ lọ gbári. Ahọ́n kékeré kan wà létí ìdérí tó máa ń tẹ súwíìṣì kan nínú ara kámẹ́rà. Bí ahọ́n yẹn ò bá sí, kámẹ́rà gbà pé ìdérí ṣì wà ní ṣíṣí, kò sì ní tàn. Àwọn èèyàn á wá ní bátìrì ti kú, wọ́n á lọ ra òmíràn. Owó ti lọ.

Èyí tí iná ń gba ara rẹ̀ kọjá. Kámẹ́rà kékeré àpò tó ń lo bátìrì AA méjì, àti fíláàṣì tó ń lo mẹ́rin. Ẹ wo inú ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ. Irin yẹn ló so bátìrì kan mọ́ èkejì: fólíìtì 1.5 pẹ̀lú 1.5, ó di 3. Láìsí irin náà, iná ò ní yípo. Yàtọ̀ síyẹn, sípíríǹgì ń ti àwọn bátìrì náà jáde, nítorí náà téèpù lásán kì í dì í mú pẹ́.

## Bó bá já lójú agbo, tí iṣẹ́ ṣì ń lọ

Ìdána kan la wà ní Ìgbógbó, lábẹ́ kánópì. Mo gbé kámẹ́rà sórí àga ike, ọmọdé kan sáré kọjá, okùn kámẹ́rà kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó wálẹ̀ gbì. Lẹ́ǹsì ò ṣe nǹkan kan, ara kámẹ́rà ò ṣe nǹkan kan, ìdérí bátìrì ló fò, a ò sì rí i títí dòní. Alága ìjókòó ti ń pe ìyàwó jáde. Mo tan kámẹ́rà, kò tàn.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ṣé bátìrì ti kú ni?"

Mo ní rárá, kó bá mi wá ìtayín. Ó sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń pín small chops, ó fa ìtayín kan yọ lára gízáàdì, ata ṣì wà lára ẹ̀. Mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mo ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, mo fi ti súwíìṣì yẹn, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ó tàn. Ìtayín gízáàdì ni mo fi ya ìdána yẹn tán.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí, fún oríṣi kìíní àti ìkejì:

1. Ẹ ti bátìrì wọlé títí eyín rẹ̀ á fi gbé e mú. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè ọwọ́ yín, kí ihò bátìrì kọjú sílẹ̀. Bí bátìrì ò bá já bọ́, ẹ tẹ̀ síwájú.
2. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn sí etí ihò bátìrì. Ẹ wá ihò tóóró kan tàbí bọ́tìnì tí kò tó orí ìṣáná, níbi tí ahọ́n ìdérí ti máa ń wọlé. Bó bá jẹ́ oríṣi kìíní, ẹ fò dé orí ìkarùn-ún.
3. Ẹ tan súwíìṣì òkè kámẹ́rà sí ON, kí ẹ wá fi ẹnu ìtayín tí ẹ ti gé kúmọ́ rọra tẹ ibẹ̀. Bí kámẹ́rà bá tàn, ẹ ti mọ ibi tó wà. Pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí súwíìṣì yẹn bá ṣẹ́, wọ́n á ní láti tú kámẹ́rà, ìyẹn ni iṣẹ́ tó ń gbowó.
4. Ẹ pa kámẹ́rà. Ẹ gé ìtayín náà kó ṣe wẹ́kú ibẹ̀, kó má yọ síta púpọ̀.
5. Ẹ gé káàdì ATM tó ti kú sí ìwọ̀n ihò bátìrì, kó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ yíká. Mílímítà 0.76 ni nínípọn rẹ̀, ó le, kì í tẹ̀ bí páálí. Bí kò bá sí, ìdérí ike àìsìkiriìmù náà ṣe é lò.
6. Ẹ fi téèpù dúdú àwọn oníná lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí kámẹ́rà. Ẹ ká etí téèpù kan padà sínú ara rẹ̀ kí ẹ lè rí ibi fà nígbà tí bátìrì bá tán. Ẹ ó rántí mi nígbà tí ẹ bá ń fi èékánná họ téèpù lójú ìyá ìyàwó.

Sẹ́lótéèpù náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ oòrùn máa ń yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, á wá lẹ̀ mọ́ ara kámẹ́rà. Bó bá ti lẹ̀, òwú pẹ̀lú sípíríìtì díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún. Kì í ṣe kẹrosíìnì, kì í ṣe tínà.

Ìkìlọ̀ méjì:
- Ẹ má ṣe fi píìnì, abẹ́rẹ́ tàbí irin kankan ti súwíìṣì náà. Ẹnu bátìrì wà nítòsí ibẹ̀, irin lè so iná pọ̀.
- Nígbà tí ìtayín bá wà níbẹ̀, kámẹ́rà ò mọ̀ mọ́ pé ẹ ti ṣí ìdérí. Bí iná kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó ń kọ àwòrán sínú káàdì lọ́wọ́. Ẹ má yọ bátìrì, ẹ má yọ káàdì, àfi tí ẹ bá fẹ́ lọ ṣàlàyé fún ìyàwó ibi tí àwòrán ìkúnlẹ̀ ẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ omi náà wà ńbẹ̀. Téèpù kì í dá òjò dúró. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ya àwòrán létí ọ̀sà ní Ẹbúté, atẹ́gùn iyọ̀ àti iyanrìn á wọlé láti ìdí kámẹ́rà. Ẹ fi ọ̀rá wé e tàbí kí ẹ lo kámẹ́rà mìíràn.

## Kámẹ́rà tàbí fíláàṣì tó ń lo AA

Bí irin inú ìdérí bá ṣì wà, tó jẹ́ pé eyín tó ń gbé e mú nìkan ló kán, ọ̀nà méjì ló dára.

Ti fíláàṣì rọrùn: ẹ ká páálí sí méjì tàbí mẹ́ta, ẹ gbé e lé orí ìdérí, kí ẹ wá fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó dè é yíká, rọ́bà méjì tàbí mẹ́ta. Téèpù nìkan á tú nígbà tí fíláàṣì bá gbóná. Rọ́bà á máa fún un mọ́lẹ̀.

Ti kámẹ́rà àpò, ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni ti irin pẹlẹbẹ. Ìdí kámẹ́rà ní ihò sukúrù tí wọ́n fi ń gbé e sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Sukúrù ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì ló ń wọ̀ ọ́. Ihò yẹn sábà máa ń sún mọ́ ìdérí bátìrì.

1. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe fèrèsé álúmínì, ẹ ní kí wọ́n gé àjẹkù kan fún yín tó lè gùn láti ihò sukúrù dé òdìkejì ìdérí. Ní Sábó níbí, wọn kì í gbowó lórí rẹ̀ bí ẹ bá kí wọn dáadáa.
2. Kí wọ́n lu ihò kan sí i fún sukúrù.
3. Ẹ fi téèpù dúdú bo gbogbo inú irin náà, kó má baà kan ẹnu bátìrì.
4. Ẹ pa ìdérí dé, ẹ gbé irin lé e, ẹ fi sukúrù dè é. Sukúrù náà ò gbọdọ̀ wọlé ju mílímítà 5 lọ. Bó bá gùn jù, á lu ìdí kámẹ́rà já. Ẹ fi wáṣà dín gígùn rẹ̀ kù.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi dè é, kì í ṣe páláyà.

Bí irin inú ìdérí bá ti sọnù pátápátá ńkọ́? Àwọn kan máa ń ká fóìlì tí wọ́n fi ń wé ẹran, wọ́n á fi dípò. Fún kámẹ́rà àpò oníbátìrì méjì, ó lè gbé yín délé, bí fóìlì náà bá nípọn tó sì kan orí bátìrì méjèèjì nìkan. Fún fíláàṣì, mi ò gbà á. Bátìrì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, iná tó ń fà pọ̀, fóìlì tó bá yẹ̀ díẹ̀ á so ohun tí kò yẹ kó so, bátìrì á gbóná débi pé ẹ ò ní lè dì í mú.

Ẹ má sì ṣe tú fíláàṣì pé ẹ fẹ́ wo inú. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń kó iná jọ tó nǹkan bíi fólíìtì 300, iná yẹn sì máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ bátìrì. Kámẹ́rà àpò tó ní fíláàṣì náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan: bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu sípíríǹgì, bátìrì ti jò síbẹ̀, ìdérí nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ẹ fi òwú ìnutí kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà díẹ̀, ẹ fi pa á rẹ́, ẹ fi sípíríìtì nù ún, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi bátìrì mìíràn sí i.

## Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè lo gọ́ọ̀mù. Àmọ́…

Òfin kan péré: ẹ yọ ìdérí kúrò lára kámẹ́rà kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Bí kò bá ṣe é yọ, ẹ fi í sílẹ̀.

Súpà gúlù máa ń yọ èéfín nígbà tó bá ń gbẹ. Èéfín yẹn ló ń fi funfun bí eérú sára ike dúdú àti sójú lẹ́ǹsì. Bó bá kán sínú ihò bátìrì, ó lè lẹ súwíìṣì pa tàbí kó bo irin tí iná ń gbà. Ẹnì kan gbé Canon 1200D wá tó ti fi súpà gúlù lẹ ìdérí pa mọ́ ọn pátápátá "kó má baà ṣí mọ́". Kò ṣí mọ́ lóòótọ́. Nínú kámẹ́rà yẹn, inú ihò bátìrì kan náà ni mẹ́mórì káàdì wà. Àwòrán ìsọmọlórúkọ wà nínú káàdì, bátìrì ti tán, kò sí ọ̀nà wọlé. A fi abẹ gé ìdérí náà ní gígékígèé.

Bó bá jẹ́ eyín tó kán ni ẹ fẹ́ tún ṣe:

1. Ẹ fi sáńdípépà họ ojú ibi tó kán.
2. Gọ́ọ̀mù onítúùbù méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ ló dára jù. Ẹ pò ó ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi ìtayín mú un.
3. Ẹ to eyín náà padà, tàbí kí ẹ gé ike mìíràn dípò.
4. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ ìṣẹ́jú mẹ́rin sára páálí rẹ̀, ìyẹn ni ìgbà tó máa le sí ọwọ́, kì í ṣe ìgbà tó máa gbé ẹrù.
5. Ẹ fi sáńdípépà dín ohun tó bá yọ kù.

Mi ò ní tàn yín: eyín tí a lẹ̀ kì í pẹ́ lára fíláàṣì, torí sípíríǹgì. Lára kámẹ́rà ńlá, ó lè pẹ́ gan-an.

Bó bá jẹ́ ọ̀pá irin tó so ìdérí nìkan ló sọnù, ẹ má ra ìdérí rárá. Ẹ na kílíìpù ìwé kan, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gé e. Tán.

## Bí ẹ ṣe máa ra tuntun

Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun pé kó kúkú ṣe. Ìdérí lásán ò wọ́n bí ẹ ṣe rò; mi ò ní dá iye, torí iye àná kì í ṣe ti òní. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ BRT lọ sí ọjà Computer Village ní Ìkẹjà:

- Ẹ kọ nọ́ńbà kámẹ́rà yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lára rẹ̀. Ẹ má sọ pé "Canon oníbátìrì LP-E6". 5D Mark II, 7D àti 60D ló ń lo bátìrì yẹn, ìdérí wọn ò sì bára wọn mu.
- Ẹ mọ orúkọ rẹ̀ kejì. 600D tí àwa mọ̀, Rebel T3i ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, Kiss X5 ni ní Japan. 700D ni T5i. Bí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi orúkọ méjèèjì wá a, pẹ̀lú "battery door".
- Ẹ mú èyí tó já dání, tàbí kí ẹ gbé kámẹ́rà lọ.
- Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá sípíríǹgì àti ọ̀pá rẹ̀ wà nínú rẹ̀.
- Ẹ bèèrè ti kámẹ́rà tó ti kú. Àwọn tó ń tún un ṣe máa ń tú òkú kámẹ́rà tà ní wẹ́wẹ́, ìdérí irú rẹ̀ sì máa ń ṣe wẹ́kú ju àwọn tuntun kan lọ.

Bí ẹ bá dé ilé, bí ẹ ṣe máa fi sára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Canon nìyí:

1. Ẹ yọ bátìrì. Ẹ dojú kámẹ́rà dé sórí aṣọ rírọ̀.
2. Bí àjẹkù ti àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹ wá ẹnu ọ̀pá rẹ̀ tó ní sípíríǹgì, ẹ fi èékánná tì í wọnú, á yọ.
3. Ẹ wo tuntun. Ẹnu ọ̀pá kan dúró gbọn-in, èkejì ń lọ ó ń bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ti èyí tó dúró gbọn-in bọ ihò.
4. Ẹ fi èékánná ti èkejì wọnú, ẹ fi ìdérí sípò, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ "tá".
5. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láìsí bátìrì.
6. Ẹ fi bátìrì sí i, ẹ tàn án. Nígbà tó bá ti tàn, ẹ ṣí ìdérí díẹ̀: kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, ẹ wò ó bóyá ìtayín ọjọ́sí ṣì wà nínú ihò. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ti àwọn kámẹ́rà kékeré kan, inú ara kámẹ́rà ni wọ́n ti fi sukúrù dè é. Ẹ ti ka ohun tí mo sọ nípa fólíìtì 300. Ẹ gbé e fún oníṣẹ́.

## Bí ẹ ò bá rí ìdérí rárá

Gíríìpù bátìrì, ìyẹn ìdìmú tó ń gba bátìrì tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ kámẹ́rà, ni kí ẹ wá. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe láti fi gíríìpù sábẹ́ kámẹ́rà ni pé wọ́n á kọ́kọ́ yọ ìdérí kúrò. Nítorí náà, kámẹ́rà tí kò ní ìdérí ti ṣe tán fún un. Gíríìpù náà ló máa tẹ súwíìṣì yẹn dípò ahọ́n, á sì gba bátìrì méjì. BG-E8 ni ti 550D, 600D, 650D àti 700D. BG-E6 ni ti 5D Mark II. BG-E14 ni ti 70D àti 80D. Ó wúwo, òótọ́ ni, ọrùn yín á sọ fún yín bó bá di ìrọ̀lẹ́.

Bátìrì dọ́mì tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ iná ilé dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú sítúdíò, àmọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ súwíìṣì: ihò kékeré ló wà létí ìdérí tí wáyà rẹ̀ ń gbà jáde, ìdérí náà ṣì gbọ́dọ̀ wà ní pípadé. Ìtayín lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn.

Bí ẹ bá sì rí gíríìpù Canon tòkunbọ̀ rà, kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀ tó ń wọnú ihò bátìrì. Àyè kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe fún fífi ìdérí kámẹ́rà pamọ́. Ẹni tó ta á lè ti gbàgbé tiẹ̀ síbẹ̀.